Orí Karùn-ún: Bí A Ṣe Ń Yan Tíṣà Lẹ́sìnnì fún Ọmọ

Ọ̀pọ̀ òbí kì í wá tíṣà lẹ́sìnnì àfi lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá dé. Inú á máa bí wọn, wọ́n á wá ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti mọ̀wé, wọ́n á ní kó máa wá kọ́ ọmọ nílé láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà lójoojúmọ́. Tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta, owó ti lọ, ọmọ ò kúrò níbi tó wà. Tíṣà yẹn lè mọ̀wé o. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ibi tí ìṣòro wà fún un, òun náà ò sì wá a.

Orí yìí máa mú yín láti orí mímọ ohun tí ọmọ nílò títí dé ọjọ́ tí lẹ́sìnnì á parí. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ: iṣẹ́ tíṣà lẹ́sìnnì ni pé kó mú ọmọ dé ibi tí kò ti ní nílò òun mọ́. Ẹni tí kò bá ní irú èrò yẹn lọ́kàn, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ì báà kún ògiri, òun kọ́ lẹ ń wá.

1. Ẹ wá ibi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ kó nóòtù ọmọ jọ, ti sáà yìí àti ti sáà tó kọjá. Ẹ máa wo ibi tí tíṣà kíláàsì ti fi bíírò pupa fà á. Ṣé àṣìṣe kan náà ló ń padà wá, àbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni? Èyí tó bá ń padà wá, ó nídìí. Ọmọ JSS 2 tó ń fìdí rẹmi nínú aljẹ́bírà lè máà ní wàhálà kankan pẹ̀lú àwọn lẹ́tà inú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìdá ni kò yé e láti Pírámárì 4. Ọmọ tí kì í ṣe dáadáa nínú sáyẹ́ǹsì lè mọ sáyẹ́ǹsì, kó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi béèrè ìbéèrè ni kò yé e. Bí ẹ bá gba tíṣà sáyẹ́ǹsì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn ń da owó nù ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá tíṣà kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ọjọ́ ìpàdé òbí tí èrò pọ̀. Ẹ bi í pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni àwọn ẹgbẹ́ ọmọ mi lè ṣe tí òun ò lè ṣe?” Bí wọ́n bá ní “kì í fọkàn sí i”, ẹ rọra ní kí wọ́n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín nínú nóòtù rẹ̀.

Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àyẹ̀wò kékeré kan tí ẹ lè ṣe fún un nílé. Ẹ fún un ní ojú ewé kan tí kò kà rí. Kó kà á sókè, kó pa ìwé dé, kó wá sọ ohun tó kà fún yín, ì báà ṣe ní Yorùbá. Bí ó bá ń kọsẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀, kíkà ni ìṣòro rẹ̀. Bí ó bá ń kà á geere tí kò sì lè sọ ohun tó wà níbẹ̀, òye ni. Oògùn méjèèjì yàtọ̀ síra.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn nǹkan tí lẹ́sìnnì ò lè wò sàn. Ọmọ tí kò rí ohun tí wọ́n kọ sí bọ́ọ̀dù, oníṣègùn ojú ló nílò. Ọmọ tó ń sùn ní aago mọ́kànlá alẹ́ tó sì ń jí ní aago márùn-ún kí bọ́ọ̀sì má bàa fi í sílẹ̀, oorun ló nílò. Bí ẹ bá fi wákàtí méjì kún iṣẹ́ rẹ̀, ẹ tún dá kún un ni.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ ní gbólóhùn kan péré. “Kò lè ro ìdá pọ̀.” “Ó ń kàwé sókè, ṣùgbọ́n kì í yé e.” “Ó mọ kẹ́mísírì lẹ́nu, kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò.” Bí ohun tí ẹ kọ bá jẹ́ “kó ṣáà máa gba ipò kìíní”, ẹ padà sídìí àwọn nóòtù yẹn.

2. Irú tíṣà wo ni iṣẹ́ náà gbà?

*Ọmọ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ mì.* Ẹni tó kọ́ nípa ọmọdé kíkọ́ ni kí ẹ wá. NCE, tí wọ́n ń fi ọdún mẹ́ta kà, ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù lọ tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà gbà lọ́wọ́ olùkọ́. Ọmọ yunifásítì tó gba A1 nínú físíìsì lè máà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ní ìró lẹ́tà. Òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé bí òun ṣe mọ̀ ọ́n kà.

*Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò.* Ìdánwò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀. Nínú UTME tí JAMB ń ṣe, ìbéèrè 180 ni ọmọ máa dáhùn lórí kọ̀ǹpútà láàárín wákàtí méjì: 60 lórí Gẹ̀ẹ́sì, 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Tíṣà tó máa kọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń yára, bí wọ́n ṣe ń fo ìbéèrè tó le kí wọ́n tó padà sí i, ó sì yẹ kí ọmọ máa fi kọ̀ǹpútà dánra wò. WASSCE ti WAEC kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣirò, lẹ́yìn ìbéèrè 50 tí wọ́n ń yan ìdáhùn sí, ọmọ ṣì máa jókòó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀, máàkì sì wà lórí ọ̀nà tó gbà. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa mú lẹ́tà A, B, D lè mọ ìdáhùn kó má rí máàkì gbà. Ẹ bi tíṣà bóyá ó ti ka ìwé ìlànà iṣẹ́ náà àti ìròyìn tí àwọn olórí olùyẹ̀wò WAEC máa ń kọ nípa àṣìṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń múra ọmọ sílẹ̀ tí kò ka ìwọ̀nyí ń méfò ni.

*Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ.* WAEC ní abala kan fún èyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń pàdánù máàkì. Èdè Yorùbá kò ní ìró /v/ àti /z/, kò sì ní ìró méjèèjì tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi “th” kọ. Nítorí náà, “van” á di “fan” lẹ́nu ọmọ, “zip” á di “sip”, “three” á sì di “tree”. Tíṣà tó mọ èyí á mọ ibi tí òun máa bẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á kàn máa sọ pé “pè é dáadáa”.

*Tíṣà kíláàsì ọmọ náà ńkọ́?* Ó mọ ọmọ, ó sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbowó lẹ́sìnnì lọ́wọ́ yín náà ló ń máàkì ìwé ọmọ yín. Èsì rẹ̀ lè gòkè kí ìmọ̀ rẹ̀ má gòkè. Bí ẹ bá rí ẹlòmíràn, ẹlòmíràn ló sàn.

3. Ibi tí ẹ ti máa wá a, àti bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹnu àwọn òbí mìíràn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gbọ́: ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláásì, níwájú géètì ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró lórí “ó dáa gan-an”. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ wọn ò lè ṣe tẹ́lẹ̀ tó ti ń ṣe báyìí.

Kí tíṣà tó wọlé yín, ẹ gba nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ rẹ̀:

- Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gan-an àti káàdì ìdánimọ̀. Bí ó bá ní òun jẹ́ olùkọ́ tó gbàṣẹ, ẹ ní kó fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ TRCN hàn yín, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà.
- Onídùúró méjì tó mọ ilé rẹ̀.
- Nọ́ńbà òbí méjì tó ti bá ṣiṣẹ́ rí.

Ẹ pe àwọn òbí náà ní ti gidi. Lẹ́yìn “ẹ kúulé mà”, ìbéèrè mẹ́ta tó: Ṣé ó máa ń tètè dé? Kí ló mú kí lẹ́sìnnì náà parí? Bí ẹ bá tún bí ọmọ mìíràn, ṣé òun náà lẹ máa tún pè? Èyí tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ fetí sí jù. Bí ẹni náà bá ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ó ti dáhùn nìyẹn.

4. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú tíṣà

Ẹ fi gbólóhùn tí ẹ kọ hàn án, kí ẹ sì bi í pé: “Kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe?” Tíṣà tó mọṣẹ́ á ní òun fẹ́ rí nóòtù ọmọ, òun fẹ́ kí ọmọ ṣe iṣẹ́ díẹ̀ níwájú òun. Ẹni tó bá ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, pé láàárín oṣù kan ọmọ yín máa wà lókè gbogbo wọn, kò tíì rí ọmọ tó ti ń ṣèlérí. Ẹ tún bi í nípa ọmọ kan tó kọ́ tí kò yé bọ̀rọ̀, àti ohun tó ṣe. Kò sí tíṣà tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá ní òun ò rí i rí kì í wojú ọmọ.

Bí ó bá mẹ́nu kan “sẹ́ńtà” kan tí ọmọ ò ti lè fìdí rẹmi, tàbí ẹni tó lè bá a ṣe ìdánwò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ṣílẹ̀kùn fún un. WAEC máa ń fagi lé èsì, Nàìjíríà sì ti ní òfin tó fìyà sórí màgòmágó ìdánwò láti 1999. Yàtọ̀ sí òfin, ọmọ tó bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọ yunifásítì ṣì máa bá ohun tí kò mọ̀ pàdé níbẹ̀.

5. Wákàtí ìdánwò

Kí ẹ tó gbà, ẹ ní kó kọ́ ọmọ fún wákàtí kan, kí ẹ sì san owó wákàtí náà. Ẹ jókòó sí ibi tí ẹ ti lè gbọ́ wọn, ẹ má dá sí i. Wákàtí yìí ló máa sọ ohun tí ìwé ẹ̀rí ò lè sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìṣirò kan: 1/2 + 1/3. Àìmọye ọmọ ló máa kọ 2/5; wọ́n á ro tòkè pọ̀, wọ́n á ro tìsàlẹ̀ pọ̀. Tíṣà kan á ní “rárá”, á sọ pé 6 ni 2 àti 3 jọ lè wọ̀, á kọ 3/6 + 2/6 = 5/6, á ní kí ọmọ dà á kọ. Ọmọ á dà á kọ. Kò sí irọ́ nínú ohun tí tíṣà sọ, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn lè tún kọ 2/5 lọ́la.

Tíṣà kejì á ní: “Báwo lo ṣe ṣe é?” Á dákẹ́, á jẹ́ kí ọmọ ṣàlàyé tán. Á wá bi í: “Bí mo bá fún ẹ ní ìdajì búrẹ́dì, tí mo tún fi ìdá kan nínú mẹ́ta búrẹ́dì kún un, ṣé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ á ju ìdajì lọ àbí kò ní tó ìdajì?”

“Á jù ú lọ, sà.”

“Ṣé 2/5 ju ìdajì lọ?”

Ọmọ á ronú. Ìdajì márùn-ún, méjì ààbọ̀ ni. Méjì ò tó o. Òun fúnra rẹ̀ ló máa rí i pé ohun tí òun kọ ò lè jóòótọ́, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ ní ọ̀nà tó tọ́. Láti ọjọ́ náà, ó ti ní ohun tó lè fi yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò nígbà tí tíṣà ò bá sí níbẹ̀.

Ẹ máa kíyè sí i: ta ni bíírò wà lọ́wọ́ rẹ̀ jù? Ta ló ń sọ̀rọ̀ jù? Ẹ tún fetí sí “ṣé ó yé ẹ?” Ọmọ tí a bá tọ́ ní ilé Yorùbá kì í fẹ́ sọ lójú àgbà pé nǹkan ò yé òun, “bẹ́ẹ̀ ni, sà” ló máa sọ. Tíṣà tó gba “bẹ́ẹ̀ ni, sà” tó sì kọjá lọ ò tíì mọ ọmọ wa. Èyí tó mọ̀ wọ́n á ní: “Ó dáa, ṣe ọ̀kan fún mi kí n rí i.”

Ẹ kíyè sí èdè tó ń lò pẹ̀lú. Àwọn òbí mìíràn ò fẹ́ kí tíṣà sọ Yorùbá rárá, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ń sanwó fún. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Tíṣà tó lè fi Yorùbá tú ohun tó díjú, kó tó mú ọmọ padà sí Gẹ̀ẹ́sì tí ìdánwò fẹ́, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Nígbà tí wákàtí bá pé, ẹ bi tíṣà ní kọ̀rọ̀ pé: “Kí lẹ rí lára rẹ̀?” Ó yẹ kó lè tọ́ka sí nǹkan kan pàtó. Lẹ́yìn tó bá lọ, kí ọmọ wá kọ́ yín ní ohun tó kọ́.

6. Owó àti àdéhùn

Ẹ má fi owó oṣù wé owó oṣù. Wákàtí ni kí ẹ fi wé wákàtí. Ká ní tíṣà kan ní ₦30,000 lóun máa gbà, tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Wákàtí 18 nìyẹn nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wákàtí kan ò tó ₦1,700. Èkejì ní ₦24,000, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wákàtí mẹ́jọ péré ni, ₦3,000 ni wákàtí kan. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré lójú ló wọ́n jù. Ṣùgbọ́n bí wákàtí ìdánwò bá fi hàn pé ẹni kejì yìí ló mọṣẹ́, owó rẹ̀ tọ́ sí i. Ẹ má sì ra ọjọ́ márùn-ún nítorí pé ẹ lágbára rẹ̀: ọmọ nílò ọjọ́ láàárín tó máa fi dá ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Ẹ kọ àdéhùn sórí ìwé kan, ẹ̀yin méjèèjì ẹ fọwọ́ sí i:

- Ohun tí a fẹ́ kí ọmọ lè ṣe (gbólóhùn yín yẹn)
- Ọjọ́ àti aago
- Owó, ọjọ́ tí ẹ máa san án, àti ẹni tó máa san owó ọkọ̀
- Bí tíṣà ò bá wá, ọjọ́ wo ló máa fi dí i. Bí ẹ̀yin náà ò bá sí nílé, ṣé owó rẹ̀ ń lọ
- Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà ìsinmi
- Ọjọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́: ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà

Lẹ́yìn náà, ẹ san owó lọ́jọ́ tó pé. Tíṣà tí ẹ jẹ lówó oṣù méjì á máa wá, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ kéré sí yín lọ́jọ́ orí, ẹ pè é ní “Tíṣà” tàbí “Àǹtí” níwájú ọmọ. Ọ̀wọ̀ tí ẹ bá fún un ni ọmọ máa bù fún un.

7. Ààbò ọmọ

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ ṣe àwọn òfin wọ̀nyí fún gbogbo tíṣà, ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹbí tàbí àlejò, kó má dà bíi pé ẹnì kan lẹ ń fura sí:

- Pálọ̀ ni kí wọ́n ti kàwé, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, kí àgbàlagbà kan sì wà nílé. Bí kò bá sí àgbàlagbà, kò sí lẹ́sìnnì lọ́jọ́ náà.
- Nọ́ńbà òbí ni tíṣà máa pè. Kò gbọ́dọ̀ máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Bí ó bá jẹ́ orí fóònù ló ti ń kọ́ ọ, kí fóònù wà níbi tí ẹ ti lè gbọ́.
- Kò sí ẹgba, kò sí ìfọ́tí, kò sí èébú. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.
- Kò sí ẹ̀bùn tí ẹ ò mọ̀ sí, kò sì sí àṣírí.

Ẹ sọ fún ọmọ pé bí tíṣà bá fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, tàbí tó ní kó má sọ nǹkan kan fún yín, kó sọ ọ́ kíá, ẹ ò ní bá a wí. Nàìjíríà ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé láti 2003. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ló yẹ kó gbọ́ ọ, kì í ṣe ohun tí a ń parí láàárín ẹbí. Bí ọmọ tó fẹ́ràn ìwé bá déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún lẹ́sìnnì, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè kí ẹ tó pè é ní ọ̀lẹ.

8. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ṣí nóòtù lẹ́sìnnì. Ọwọ́ ìkọ̀wé ta ló pọ̀ jù níbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ti tíṣà, ẹ bá a sọ ọ́. Ẹ wo iṣẹ́ àṣetiléwá pẹ̀lú: ọmọ tó ń gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá nílé tó sì ń gba mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́, ẹnì kan ló ń bá a ṣe iṣẹ́ yẹn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, ẹ padà sórí gbólóhùn tí ẹ kọ. Ẹ wá ìbéèrè márùn-ún tí ọmọ ò rí rí, kó dá wọn ṣe lọ́jọ́ tí tíṣà ò wá. Bí nǹkan ò bá tíì yí padà rárá, ẹ pe tíṣà jókòó, ẹ jọ wo ohun tó kù. Bí kò bá ní àlàyé, tàbí tó jẹ́ pé ọmọ nìkan ló ń dá lẹ́bi, ẹ san owó tó kù, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá ẹlòmíràn. Kò sí ìjà níbẹ̀.

Bí ó bá sì ti yí padà, ẹ má fi ìbẹ̀rù so tíṣà mọ́lẹ̀. Ẹ dín ọjọ́ kù, láti ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Bí ọmọ bá dúró fúnra rẹ̀ títí sáà fi parí, ẹ san owó tíṣà pé, ẹ fún un ní ìwé ìdúpẹ́ tó lè fi han òbí mìíràn, kí ẹ sì gbà pé nọ́ńbà yín ni kó fún wọn. Ẹni tí wọ́n máa pè tẹ̀ lé e ni yín, ẹ̀yin náà á sì ti ní ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yẹn.